Sẹ́ẹ̀lì yè, àmọ́ kò ṣiṣẹ́: ibi tí PBMC ti ń bàjẹ́ kó tó dì àti lẹ́yìn tó bá yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún PBMC yín (àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ẹ yọ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ sì dì pa mọ́) ló yè nígbà tí ẹ yọ́ wọn, síbẹ̀ ELISpot, àyẹ̀wò tó ń ka iye sẹ́ẹ̀lì tó dáhùn, kò fi nǹkan kan hàn. Kíkà tí ẹ kà ní kété tí yìnyín yọ́ ló tàn yín jẹ. Trypan blue, àwọ̀ tí a fi ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti kú mọ̀, kì í wọ sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ kò tíì ya, èyí tó sì ti ń kú láti inú wá lè má gba àwọ̀ náà títí di wákàtí mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́jú ní dìgírì 37, kí ẹ tún wọn kà. Iye ti òwúrọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò, kì í ṣe fíríìsà. Tó bá ti ju wákàtí 8 lọ kí ẹ tó yọ sẹ́ẹ̀lì, granulocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tí ẹ kò fẹ́) kì í rì bó ṣe yẹ mọ́ nínú Ficoll, omi tí a fi ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n á dà pọ̀ mọ́ PBMC, wọ́n á sì mú kí T cell, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dáhùn nínú ELISpot, dákẹ́. Ẹ má sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà sínú fíríìjì, ó sàn kó wà ní ìwọ̀n ooru inú yàrá.

Omi tí ẹ ó fi dì wọ́n: serum (omi ara ẹ̀jẹ̀) ìdá 90, DMSO (èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nígbà dídì) ìdá 10. Ẹ pò ó sílẹ̀ ṣáájú kó tutù, nítorí DMSO máa ń gbóná tó bá pàdé omi. Ẹ kán an sórí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń mi ìgò; mílíọ̀nù 5 sí 10 nínú mìlílítà kan. Láti ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níta ju ìṣẹ́jú 10 lọ. (Ẹ dán serum wò kí ẹ tó ra púpọ̀, òmíràn ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè fúnra rẹ̀.)

Kó máa fi dìgírì 1 tutù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tó bá yá jù, yìnyín á dì nínú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá falẹ̀ jù, omi á tán lára rẹ̀, iyọ̀ á sì pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ àpótí isopropanol (irú ọtí kan tó ń mú kí ìgò tutù díẹ̀díẹ̀) lẹ ń lò, ẹ pààrọ̀ isopropanol náà lẹ́yìn ìlò 5, torí ó ń fa omi mọ́ra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: fíríìsà dìgírì -80 kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ó tó fún òru kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di inú afẹ́fẹ́ tútù tó ń jáde lára náítírójìn olómi. Ìsàlẹ̀ nǹkan bí -135 ni gbogbo nǹkan ti ń dúró pátápátá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa àgbékọ́ sókè láti mú ìgò kan, àwọn tó kù ń gbóná díẹ̀. Wọ́n lè yè, àmọ́ iṣẹ́ wọn ń dín kù.

Nígbà yíyọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi dìgírì 37 nígbà tí yìnyín bá ku bíńtín. Mìlílítà àkọ́kọ́ nínú omi ìtọ́jú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn ni. DMSO ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ bá dà á lójijì omi á rọ́ wọlé, á bẹ́. Ẹ wá kún un dé mìlílítà 10, ẹ fi ẹ̀rọ yí i ní 300 g (agbára yíyí, kì í ṣe gíráàmù) fún ìṣẹ́jú 10. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ra, DNA àwọn tó ti kú ni; Benzonase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, ẹyọ 25 sí 50 nínú mìlílítà kan á tú u.

Ẹ fi PHA, èròjà tó ń ta T cell jí fúnra rẹ̀, sí àwo ELISpot tó ń bọ̀. Bí PHA náà bá rọ, ìtọ́jú ló bà á jẹ́. Bó bá ta dáadáa tí antigen (ohun tí ẹ fẹ́ kí T cell dáhùn sí) ṣì dákẹ́, tó sì jẹ́ odidi protein lẹ ń lò, ẹ gbìyànjú peptide rẹ̀, ìyẹn ègé kékeré rẹ̀: monocyte, sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gé protein náà, lè ti bá dídì lọ.