Ta Ló Ń Ka Òkú Ogun, Báwo Ni Wọ́n Sì Ṣe Ń Mọ̀? Ìbéèrè Yín Láti Àgbádárìgì

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan lọ́jà Agbálatà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin wà nílé ọkọ ní Parakou. Wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ọkọ̀ ń jó, ìbọn ń dún, wọ́n ní ogun ti dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, la bá ń palẹ̀ ọjà mọ́. Lọ́jọ́ kejì àwọn tó ti Kùtọnu dé ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù wá fi máàpù kan hàn mí, àmì pọ̀ lápá òkè Benin lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ta ló ń fi àmì yẹn síbẹ̀, ṣé ìjọba ni? Ṣé kí n ní kí ọmọ mi máa bọ̀ nílé?

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú làálàá ọkàn. Kì í ṣe ìjọba o. Àjọ tí orúkọ wọn ròkè jù nídìí iṣẹ́ yìí ni ACLED, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ́ Clionadh Raleigh ló dá a sílẹ̀, ti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1997 síbí, kó tó wá kárí ayé. Ṣé ẹ mọ bí alájọ ṣe ń fa ìlà kan sínú káàdì fún owó kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ìlà kan: ọjọ́ wo ni, ìlú wo ni, ta ló kọlu ta, èèyàn mélòó ló kú, ta ló sọ ọ́. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń rí i, àti rédíò ìbílẹ̀, àti ohun táwọn ará ìlú gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtàwọn tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò ibẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àmì ni ogun o, màmá. ACLED máa ń kọ ìwọ́de náà sílẹ̀, kódà ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́nikẹ́ni ò fara pa níbẹ̀. Torí náà ẹ ní kí ọmọ yẹn tẹ àmì náà kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún yín. Àwọn míì tún wà ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden tó ń jẹ́ UCDP, àwọn yẹn le díẹ̀, tí òkú ojú ìjà ò bá tó 25 lọ́dún kan wọn ò ní kà á kún ìjà ogun rárá, ó dìgbà tó bá pé 1,000 kí wọ́n tó pè é ní ogun gidi. Ìdí nìyẹn tí iye tibí fi ń yàtọ̀ sí tọ̀hún láìjẹ́ pé ẹnì kan ń parọ́.

Ní ti ọmọ yín, wàhálà òkè Benin kì í ṣe àhesọ. Lápá Alibori, létí igbó Park W tó kángun sí Niger àti Burkina Faso, àwọn agbébọn JNIM tó so mọ́ al-Qaeda ń ṣọṣẹ́ níbẹ̀, lóṣù April 2025 ìjọba Benin fẹnu ara wọn sọ pé sójà 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ pè é, ẹ bi í bí àdúgbò ẹ̀ ṣe rí, kó má máa gba ọ̀nà òkè yẹn. Fídíò Sẹ̀mẹ̀ kọ́ ló yẹ kó lé e wá sílé, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Parakou ju 400 kìlómítà lọ.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan ní Àjárá:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé èèyàn lè jókòó sí yàrá kó mọ ibi tí wọ́n ti ya fídíò. Tí ìjọba bá wá ní irọ́ ni ńkọ́? Ta la máa gbà gbọ́?

Ìdáhùn:

Àbúrò, jẹ́ n fi ti Cameroon tó múlé gbè wá dá ẹ lóhùn. Lóṣù July 2018 fídíò kan jáde, àwọn sójà ń da obìnrin méjì àtọmọ kékeré méjì lọ, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, wọ́n di wọ́n lójú, wọ́n yìnbọn pa gbogbo wọn. Ìjọba ní irọ́ ni, ó ní kì í ṣe sójà àwọn. Àwọn oníròyìn BBC Africa Eye, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Amnesty International àtàwọn èèyàn kan tí ò gbowó wá bẹ̀rẹ̀ sí tú fídíò yẹn wò. Òkè kan wà lẹ́yìn ibi táwọn sójà ti ń rìn, wọ́n gbé bí orí òkè yẹn ṣe gùn tó sì rí gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí Google Earth títí wọ́n fi bá a lẹ́bàá abúlé Zelevet, lápá àríwá Cameroon. Wọ́n wo ilé tó wà nínú fídíò, wọ́n bi fọ́tò sátẹ́láìtì ọdún kan sí òmíì pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ, ìgbà wo ni wọ́n wó o. Òjìji àwọn sójà ni wọ́n wá fi mú ọjọ́, torí ibi tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run ló ń sọ bí òjìji ṣe máa gùn tó, ó wá já sáàárín March 20 sí April 5, ọdún 2015. Lóṣù August 2018 ìjọba ti yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn ti mú sójà méje, nígbà tó di 2020 ilé ẹjọ́ ológun fi mẹ́rin nínú wọn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá fún irú ìwà yẹn, ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ká ní kò sáwọn tó jókòó ti òjìji yẹn ni, irọ́ ni wọn ì bá máa pè é títí dòní.

Torí náà ẹni tó bá fi ọ̀nà tó gbà hàn ẹ́, tíwọ náà lè tọ̀ ọ́ débẹ̀, òun ni kó o gbà gbọ́, ìjọba ni o, oníròyìn ni o. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn ọ̀fẹ́ ni. Fọ́tò sátẹ́láìtì Sentinel-2 tàwọn ará Yúróòpù ò gba kọ́bọ̀, ó kàn jẹ́ pé ohun tí ò bá tó mítà 10 máa ń ṣú ni. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, náà ń fi ibi tí iná ti ń jó láyé hàn, àmọ́ rántí pé àgbẹ̀ tó ń sun oko náà ń dáná o.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Topo:

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé wọ́n ń ka gbogbo òkú?

Ìdáhùn:

Rárá, sà, ohun tó ń gbé mi lọ́kàn jù nìyẹn. Nígbà tí ogun Tigray bẹ̀rẹ̀ ní Ethiopia ní November 2020, wọ́n gé nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí ò sí fóònù, ta ni yóò gbé fídíò jáde? Ní El Fasher ní Sudan, tí RSF, ẹgbẹ́ ológun tó ń bá sójà ìjọba jà níbẹ̀, gbà lóṣù October 2025, àwọn ará Yunifásítì Yale ti rí i látojú sátẹ́láìtì pé wọ́n ń mọ òkìtì yí ìlú náà ká, lẹ́yìn tó ṣubú wọ́n tún rí ohun tó jọ òkú nílẹ̀ àti ilẹ̀ tó pọ́n. Sátẹ́láìtì rí wọn, kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Iye tẹ́ ẹ bá rí lórí máàpù, èyí tí wọ́n rí gbá mú ni.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí wọ́n kọ́kọ́ sá fún ẹ̀mí wọn. Tí wọ́n bá ti ya nǹkan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má pa ojúlówó ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, torí fọ́tò tó bá ti gba WhatsApp kọjá máa ń pàdánù ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á. Kí wọ́n má sì gbé ojú ẹni tó là á já síta fún gbogbo ayé, àwọn tó ṣe é lè máa wá a.