Kápúsù antioxidant àti àtọ̀ ọkọ mi

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Kábà la ń gbé. Dókítà ní ká lọ ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, torí àtọ̀ ọkọ mi kò lágbára. Oníkẹ́míìsì wá ta kápúsù antioxidant fún un, ó ní kó máa lo mẹ́ta lójúmọ́. Ṣé á ràn wá lọ́wọ́? — Ìyàwó Wẹ́dà

ÌDÁHÙN: Òkun o, ọmọ mi. Wo géètì tí ọkọ rẹ jó, tí kò tíì kùn: òjò ẹ̀ẹ̀kan, ó ti dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kan tó ń ti ara ọ́síjìn jáde ṣe ń jẹ àtọ̀, torí ọ̀rá pọ̀ lára awọ rẹ̀. Antioxidant ló ń dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n àtọ̀ nílò díẹ̀ nínú èròjà yẹn kó tó lè wọ ẹyin, ìdí nìyẹn tí mẹ́ta lójúmọ́ fi ń bà mí lẹ́rù. Nínú ìwádìí MOXI ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, àwọn ọkùnrin lo fítámì C, E, síǹkì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù mẹ́ta. Àtọ̀ wọn kò sàn ju ti àwọn tó gbé kápúsù òfìfo mì.

Sìgá ńkọ́? O ò sọ ọ́! Bó bá ń fà á, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àtọ̀ tuntun ń gbà tó oṣù méjì ààbọ̀ kó tó gbó, ẹ ní sùúrù. Kí dókítà yẹ ẹpọ̀n rẹ̀ wò, bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ wú níbẹ̀. Kó o sì gbé ike kápúsù yẹn dání lọ síbi IVF, kí wọ́n rí i.