Àbámọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn

Àbúrò mi ọkùnrin kan bi mí léèrè pé: "Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn pé, 'Mo kábàámọ̀ ikú bàbá.' Láti ọjọ́ náà wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Kí ni mo ṣe?"

Tú ọ̀rọ̀ yẹn wò: à bá mọ̀. Ẹni tó ń sọ pé "à bá mọ̀, à kì bá tí ṣe é" ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ti ṣe é tán, ìmọ̀ ló pẹ́ kó tó dé. Kí àbámọ̀ tó lè wà, ọwọ́ ẹni gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀ràn náà, ìbáà jẹ́ pé a ṣe ohun tí kò yẹ, ìbáà jẹ́ pé a kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ. Ibi tí ọwọ́ ẹni ò bá sí, ẹ̀dùn lè wà níbẹ̀, àánú lè wà, àbámọ̀ ò sí. Etí ìjẹ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ fi gbọ́ ọ. Kí lọmọ yìí mọ̀ nípa ikú ọkọ òun?

Gẹ̀ẹ́sì ló fa èyí, "regret" tí wọ́n ń lò fún àbámọ̀ àti fún ẹ̀dùn. Mo ń gbọ́ ọ báyìí nínú ìkéde, "a kábàámọ̀ láti fi tó yín létí," ó sì ń dùn mí. "Ó dùn wá" ni Yorùbá ń wí.

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá kan àti àbúrò rẹ̀ bá ara wọn jà nítorí ààlà ilẹ̀, wọn ò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àbúrò ń ṣàìsàn, ó ní òun á lọ bó bá dọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà ò tíì pé tí àbúrò fi kú. Mo rí bàbá náà lórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà: ó ti ìka ìfábẹ̀lá bọ àárín eyín, ó ń dẹ eyín mọ́ ọn, ó yọ ọ́, ó jan ọwọ́, ó tún fi bọnu. Ojú eyín hàn lára ìka náà. Ọkà láfún tó wà níwájú rẹ̀ ti tutù. Ohun tó ń sọ ò ju "ká ní mo mọ̀" lọ. Ohun tí à ń pè ní fífi ìka àbámọ̀ bọnu nìyẹn.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹbọ àìsàn wà, ti àgàn wà. Ta ni yóò rúbọ kí àná padà? Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, gba àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní jàmáà mọ́ra, àwọn èèyàn kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ìgbà tó fẹ́ tú wọn ká, ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn náà ló pa á. 

Má fi àbámọ̀ pe ìrònúpìwàdà o. Ro inú, pa ìwà dà: iṣẹ́ wà níbẹ̀ láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni túúbá tí àwọn Ààfáà ń kọ́ wa: kí èèyàn kábàámọ̀, kó fi ohun náà sílẹ̀, kó pinnu pé òun ò ní padà síbẹ̀, bó bá sì gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, kó dá a padà. Àbámọ̀ kàn wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀ títí tó fi máa kú.

Ní tìrẹ, má tún tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Wọ ọkọ̀ lọ bá wọn. Dọ̀bálẹ̀, kí wọn: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, ẹ kú ìrójú." Lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ pé, "Mo kábàámọ̀ ohun tí mo kọ sí yín, mo túúbá." Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí àyè rẹ̀.