Inṣọ́ránsì ní ẹ̀gbà ọrùn mi ti gbó

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù mi há sẹ́nu dúrọ́ọ̀, ó já. Àwọn oní-inṣọ́ránsì ilé mi ní ṣe ló gbó, àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà o! Lóòótọ́ inṣọ́ránsì kì í sanwó ohun tó gbó fúnra ẹ̀, àmọ́ àwọn tó sọ pé ó gbó ló yẹ kó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tọ́ka ibi tó wà nínú pólísì, ìyẹn ìwé àdéhùn inṣọ́ránsì yín. Ẹ wá gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù tí ò bá wọn ṣiṣẹ́, kó fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú ibi tó já, torí èyí tó gbó máa ń jẹ tín-ín-rín, ó sì máa ń dán, èyí tí nǹkan fà já máa ń nà tàbí kó lọ́, kó kọ ohun tó rí kó sáìn ín. Ẹ má jẹ́ kó tún un ṣe ná o.

Ẹ yẹ pólísì yín wò náà ṣá, lọ́pọ̀ ìgbà owó ọ̀tọ̀ lèèyàn ń san kí irú jàǹbá báyìí tó wọ inú ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì yarí, ẹ fẹ̀sùn kàn wọ́n lọ́fíìsì wọn, èsì ìkẹyìn tí wọ́n bá kọ lẹ máa mú lọ bá àjọ tó ń mójú tó wọn.