Wọ́n fẹ́ fi kún owó iṣẹ́ mi: ṣé ìrànwọ́ ìjọba kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ ọmọ mi méjì. Wákàtí 35 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n fẹ́ sọ owó wákàtí mi di dọ́là 17 láti dọ́là 15. À ń gba SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fi sínú káàdì, a sì ní Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ̀ ọ́, pé ìjọba yóò gba gbogbo rẹ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ gba owó náà. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tán, nítorí pé ìjọba yóò mú nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ iye tí yóò mú kí ẹ tó dá ọ̀gá yín lóhùn.

Dọ́là méjì ní wákàtí 35 jẹ́ dọ́là 70 lọ́sẹ̀. SNAP máa ń fi 4.3 sọ owó ọ̀sẹ̀ di ti oṣù, èyí tó fi hàn pé dọ́là 301 ni yóò kún owó yín lóṣù. Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá kún un, SNAP yóò yọ sẹ́ǹtì 24 sí 36 nínú owó inú káàdì yín, bí owó ilé tí ẹ ń san bá ṣe pọ̀ tó. Social Security àti Medicare, owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera àgbàlagbà tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́, yóò mú sẹ́ǹtì méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. EITC, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré nígbà tó bá kọ ìwé owó orí rẹ̀, yóò fi nǹkan bí sẹ́ǹtì 21 dín kù. Tí a bá yọ gbogbo èyí, ó kéré tán, nǹkan bí dọ́là 105 yóò kù sí yín lọ́wọ́ lóṣù, láìtíì ka owó orí ìpínlẹ̀. Owó gidi ni, nítorí pé káàdì SNAP kò lè ra ọṣẹ tàbí ìtẹ́dìí ọmọ. Mo ti rí ìyá tí káàdì rẹ̀ ṣì ní owó nínú, tó sì ń dá ìtẹ́dìí padà sórí àtẹ nítorí pé kò sí dọ́là kan nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni iye wákàtí. Fún ìdílé ẹni mẹ́ta, òpin owó oṣù tí SNAP gbà, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, jẹ́ dọ́là 2,888 láti oṣù kẹwàá 2025 di oṣù kẹsàn-án 2026, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní wákàtí 35, owó yín yóò jẹ́ nǹkan bí 2,559, ẹ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di wákàtí 40, ó di 2,924, níbi tí òpin náà kò bá sì tíì yí padà, owó SNAP tí ẹ ń gbà lóṣù yóò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ gba àfikún owó, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba àfikún wákàtí, ẹ kọ́kọ́ béèrè òpin ìpínlẹ̀ yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó fáìlì yín.

Ní ti Medicaid, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí àwọn ọmọ: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, òfin ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti gba ọmọ wọlé, oṣù 12 ni yóò fi wà níbẹ̀, bí owó òbí rẹ̀ tilẹ̀ lé sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ń bá yín san owó ilé pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín sún mọ́ òótọ́ gan-an, torí pé nǹkan bí sẹ́ǹtì 30 mìíràn yóò tún lọ nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to àwọn ètò yìí, tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń fa tirẹ̀ láìwo ohun tí èkejì ti mú.

Ẹ má fi àfikún náà pamọ́ fún wọn, nítorí wọn yóò ní kí ẹ dá owó padà. Bí lẹ́tà bá sì dé pé wọ́n ti dín SNAP yín kù lọ́nà tí kò tọ́, ọjọ́ 90 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ tún wo ẹ̀yìn: bí ọdún kan bá wà tí ẹ kò kọ ìwé owó orí, ẹ ṣì lè béèrè EITC ọdún náà láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn VITA, ìyẹn àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó ń bá ènìyàn kọ ìwé owó orí, yóò sì bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.