60% tí áàpù gbé jáde, kì í ṣe 60% owó yín o

Aunty, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà bí nǹkan ṣe wọ́n yìí. Ẹ ní ẹ ń gbẹ́ bóòhóòlù l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ sì tún ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ wá ń bèèrè pé tí fọ́máànù bá tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù pé iṣẹ́ ti dé 60%, ṣé kẹ́ ẹ jẹ́ kí áàpù yẹn fúnra ẹ̀ kọ 60% owó kọ́ńtíráàtì sílẹ̀ bí owó tó wọlé (ìyẹn owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, kì í ṣe owó tó wọ báńkì). Rárá o! Ẹ má tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ohun tó fojú mi rí màbo nìyẹn.

Ní 2023 la gba iṣẹ́ hostel kan ní àdúgbò Under G, níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó iṣẹ́ jẹ́ 40 mílíọ̀nù, mo ti ṣírò ẹ̀ pé 32 la máa ná, 8 á kù fún wa. Onílé san 16 mílíọ̀nù sílẹ̀. Oṣù márùn-ún la dá, October sí ìparí February. Mo wá lọ pe ọmọkùnrin kan kó wá kọ́ wa ní sọ́fítíwíà, owó gidi ló gbà o, gbogbo ohun tó sì kọ́ wa ò ju pé ká ṣáà máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé, áàpù á ṣe ìyókù. Áàpù sì ṣe ìyókù lóòótọ́.

Nígbà tó di ìparí December, áàpù gbé 60% jáde. Akọ̀wé mi kọ 24 mílíọ̀nù sílẹ̀. Owó tá a ti ná jẹ́ 14, torí náà lórí ìwé a ti jèrè 10 mílíọ̀nù. Ẹ wò ó, ibi tó yẹ kí n ti fura gan-an nìyẹn, torí pé 2 mílíọ̀nù péré ló kù ní báńkì. Èèyàn jèrè mílíọ̀nù mẹ́wàá, méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò bi ara mi léèrè. Ńṣe ni mo gbé 1.5 mílíọ̀nù fún bọ̀dá tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yẹn pé ìpín tiyín rèé, ẹ fi ṣọdún. Owó onílé ni mo ń pín o! Owó àsansílẹ̀ tá ò tíì ṣiṣẹ́ ẹ̀, gbèsè ni, a jẹ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó tó bá ti wọ akáúǹtì ti di tiyín.

Ẹ̀yìn ìgbà tó ti bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé ọjọ́ ni áàpù yẹn ń kà. Oṣù mẹ́ta nínú márùn-ún ti lọ, ó bá ní 60%. Kò mọ̀ pé àwọn bíríkìlà ò wá sáìtì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò mọ̀ pé lántẹ́ẹ̀lì la ṣì wà, pé a ò tíì da dẹ́kìn. Kì í ṣe áàpù yẹn nìkan o. Ẹ lọ wo Microsoft Project, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́, % Complete tiẹ̀ náà, iye ọjọ́ ló ń tẹ̀ lé. % Work Complete ń ka wákàtí iṣẹ́. Physical % Complete, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ń jẹ́ pásẹ́ǹtì. Olùkọ́ wa ò sọ ọ́, bóyá òun náà ò mọ̀.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyí. Owó tẹ́ ẹ ti ná sórí iṣẹ́ gan-an, ẹ pín in sí gbogbo owó tí iṣẹ́ yẹn máa jẹ títí á fi parí, ohun tó bá jáde, ẹ fi sọ owó kọ́ńtíráàtì di púpọ̀. Ó parí. Nínú 14 mílíọ̀nù tèmi, páànù 4 mílíọ̀nù wà níbẹ̀ tó ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ mi l'Árówómọlé, mo sáré rà á torí pé látìgbà tí náírà ti já ní June 2023, ojoojúmọ́ ni páànù ń gbówó lórí. Páànù tó wà nínú sítọ́ọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tá a ti ṣe, ọjà mi ni. Ó ku 10. 10 pín sí 32, 31.25%. Ìyẹn nínú 40 jẹ́ 12.5 mílíọ̀nù. Èmi kọ 24!

Owó orí wá dé. Òfin ìgbà yẹn ni pé kọ́ńpìnnì tí owó tó wọlé fún un lọ́dún ò bá ju 25 mílíọ̀nù lọ, kò ní san owó orí kọ́ńpìnnì, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 100, ó máa san 20% lórí èrè. A ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké míì tó jẹ́ 9 mílíọ̀nù lọ́dún yẹn. 9 àti 12.5 jẹ́ 21.5, mi ò bá má san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n 9 àti 24 jẹ́ 33. Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wọnú ẹ̀, mo san owó orí tó lé ní mílíọ̀nù méjì lórí èrè tí kò sí. Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé, wọ́n ní kí n lọ mú ìwé wá, mo mú ìwé wá, wọ́n ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, mo padà lọ, wọ́n ní ìwé wo. Mo pa á tì. (Òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 o, ẹ má gbé iye tèmi yẹn lò, ẹ bèèrè.)

Akáńtáǹtì tí mo sáré bá n'Íbàdàn wá tún jẹ́ ìyọnu tiẹ̀ lọ́tọ̀. IFRS 15, IFRS 15 ṣáá, ìlànà àgbáyé tí àwọn akáńtáǹtì fi ń kọ owó tó wọlé. Pé láti 2018 ló ti gba ipò IAS 11, ìlànà àtijọ́ fún iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, pé ìgbésẹ̀ márùn-ún ló ní. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ tí bíríkìlà á gbọ́. Ohun tí mo kọ fún yín ní ìlà méjì lókè yẹn, ó gba owó lọ́wọ́ mi kó tó sọ ọ́.

February 2024 ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ rántí ìgbà tí àpò sìmẹ́ǹtì gorí 10,000? Mo tún ìṣirò ṣe, iṣẹ́ tí mo ní á jẹ 32 máa jẹ 41, kọ́ńtíráàtì sì jẹ́ 40, onílé ò fi kọ́bọ̀ kún un. A ti ná 20.5 sórí iṣẹ́ nígbà yẹn, ìyẹn 50%, owó tó yẹ ká ti kọ látìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 20 mílíọ̀nù. 24 ló sì wà nínú ìwé. Nígbà tá a tẹ 20 yẹn sínú áàpù, ó bá kọ ọ́ pé láti January sí February, owó tó wọlé fún wa jẹ́ 4 mílíọ̀nù òdì! Mo jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé iṣẹ́ máa já sí àdánù bẹ́ẹ̀, gbogbo àdánù yẹn lẹ máa kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ò ní máa bù ú díẹ̀díẹ̀.

Torí náà oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa tún iye tó kù láti ná kọ, ẹ má jẹ́ kó di ìparí ọdún. Ẹ má gba ti fọ́máànù lórí fóònù, "ó ti kù díẹ̀" ni tiwọn títí ayé, kó ya fọ́tò. Tí onílé bá ní kẹ́ ẹ fi fẹ́ǹsì kún un, tí ò sì tíì fọwọ́ sí ìwé, ẹ má kà á mọ́ owó yín. Kí password áàpù má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, akọ̀wé mi bínú kúrò, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ́n, ìbéèrè yín gan-an. Ẹ pa ibi tó ti ń fúnra ẹ̀ kọ owó sílẹ̀ yẹn, ó sábà máa ń wà nínú setting, ẹ jẹ́ kí áàpù máa bá yín ka ọjọ́ lásán, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé owó látinú ìṣirò oṣooṣù. Ti iṣẹ́ ilé nìyẹn o. Bóòhóòlù tẹ́ ẹ ń gbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tó bẹ̀rẹ̀ tó parí nínú oṣù kan náà, kí lẹ fẹ́ fi pásẹ́ǹtì ṣe níbẹ̀? Tí omi bá ti ru, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.