Tún orúkọ orí ìwé rẹ ṣe kí o tó náwó sí fọ́ọ̀mù kankan

Òkun o, àbúrò mi. O ní ọmọ ọdún 38 ni ọ́, o ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé ìwé aládàáni kan ní Mọ̀pà, o ṣe WAEC ní 2005, Gẹ̀ẹ́sì wọlé, àwọn yòókù náà wọlé, Ìṣirò nìkan ló bọ́. O wá ń béèrè ohun méjì: ṣé dandan ni JAMB fún àgbàlagbà bíi tìẹ, ṣé wọ́n á sì gbà kí o so èsì 2005 yẹn mọ́ tuntun. Màá dáhùn. Àmọ́ kí n tó dáhùn, mú ìwé NIN rẹ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) àti èsì WAEC rẹ, tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, kí o fi orúkọ orí wọn wéra lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, wo ọjọ́ ìbí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mí, Kàbbà ni mo ti ń ta aṣọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí mo padà sídìí ìwé, àkọ́bí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ń sọ pé ọjọ́ orí ló máa dá mi dúró. Irọ́ ni. Àwọn ọmọdé ni JAMB ń fi ọjọ́ orí dá dúró, ọdún 16 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí òkè rẹ̀. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà sílé ni orúkọ.

Nígbà tí wọ́n ń gba orúkọ fún NIN ládùúgbò wa, láti àárọ̀ ni a ti tò. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kò gbé ojú sókè wò mí. Ó béèrè orúkọ ọkọ mi, mo sọ ọ́, ó fi í ṣe orúkọ ìdílé mi. Ó béèrè ọjọ́ ìbí. Kí n tó dárúkọ oṣù, ó ti tẹ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, torí pé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ìyá tó wà lórí ìlà nìyẹn, ẹni tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí mo fi ṣe WAEC, ó yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi tún un ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wá." Kí ni mo fẹ́ fi ṣe! Ó rí ìyá ọlọ́mọ tó wé gèlè, ó sì ti dá a lẹ́jọ́ pé kò sí ohun tí irú mi tún máa fi NIN wá láyé ju síìmù fóònù lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tó yá, mo kọ GCE, ìdánwò WAEC fún ẹni tí kò sí ní ilé ìwé mọ́, krédíìtì mi pé márùn-ún, mo kó ìwé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò fi orí bírò ti èsì mi sápá kan, ó ti ìwé NIN sápá kejì, ó ní èèyàn méjì ni mo mú wá, kí n lọ pe èkejì wá kí òun rí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé ọkọ ni mo fẹ́. Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wá. Ìdána la ṣe nílé bàbá mi, ìdílé méjèèjì pé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan fún wa. Mélòó nínú àwa tó wà ní Ìjùmú àti Ìyàgbà ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù nìyẹn. Mo búra fún afidáfíìtì pé èmi kan náà ni mo ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ó ní kò tó, kí n gbé ìyípadà orúkọ jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo gbé e jáde. Mo tún dé ibẹ̀, ó ní ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ṣé kò rí ọjọ́ ìbí ní gbogbo ìgbà tó fi ń wo ìwé náà? Ẹni tó mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, tó wá ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń wọkọ̀ láti ìlú mìíràn, ó ń lé onítọ̀hún kúrò ní ilé ìwé ni, kì báà má fi ẹnu sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ti ń pẹ̀yìn dà. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ń ta èlùbọ́ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ.

Ti ọjọ́ ìbí ló pẹ́ jù. Wọn kì í fi ẹnu lásán tún un ṣe lórí NIN. Wọ́n á béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ National Population Commission. Àwa tí wọ́n bí wa tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gba ìwé ìbí fún, ìwé ìjẹ́rìí tí wọ́n ń pè ní attestation ni wọ́n ń ṣe fún wa níbẹ̀. Owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí sì pọ̀ ju ti orúkọ lọ dáadáa, nítorí náà tètè máa tọ́jú rẹ̀. Láàárín gbogbo eléyìí, àwọn èèyàn ọkọ mi ń sọ pé mo fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀ ni mo ṣe ń wá orúkọ bàbá mi kiri. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi lọ sí kóòtù, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó sì sọ fún wọn nílé pé orí ìwé ẹ̀rí ni orúkọ yẹn wà fún, ìyàwó òun kò lọ ibì kankan. Bí ọkọ rẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́rọ̀, sọ fún un kí o tó bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí NIN àti WAEC rẹ kò bá jọra, NIN ni kí o fà wá bá WAEC. Orúkọ tó wà lórí èsì 2005 kò ní yí padà torí pé o lọ́kọ. Àtúnṣe NIN ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣeé ṣe ní ọ́fíìsì wọn. Kọ́kọ́ bá báǹkì rẹ sọ̀rọ̀, torí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní báǹkì, àti NIN gbọ́dọ̀ máa bára mu. Mo mọ ẹni tó tún NIN ṣe láìsọ fún báǹkì, wọ́n ti àkáùǹtì rẹ̀ pa lásìkò tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ. Má sì fi nǹkan yìí lé ọmọ kafé lọ́wọ́ kí o wá máa lọ sọ́jà. Jókòó tì í. Kà á lójú kọ̀ǹpútà kó tó fi í ránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ àti ímeèlì tìrẹ ni kó lò. Àwọn kan máa ń fi tiwọn sí i kí o lè máa padà wá sanwó fún wọn ní gbogbo ìgbà tí o bá nílò nǹkan.

Ó yá, ìbéèrè rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò méjì tí a so pọ̀. Krédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń wá, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ sì ń béèrè Ìṣirò. Ìjókòó kan lè jẹ́ WAEC, kí èkejì jẹ́ NECO. Èsì 2005 kì í gbó. Forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ìyẹn kò le: WAEC ń ṣe ti àwọn aládàáni lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, NECO ń ṣe tiwọn nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ṣùgbọ́n NIN wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè. Bí NIN rẹ bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ọkọ, èsì tuntun á jẹ́ orúkọ ọkọ, ti 2005 á jẹ́ orúkọ bàbá, ìjókòó méjì á wá di èèyàn méjì níwájú akọ̀wé kan báyẹn. Ìdí tí mo fi fi orúkọ ṣáájú nìyẹn.

Ti JAMB, ibi tí o bá ń lọ ló máa sọ ọ́. Bó bá jẹ́ yunifásítì tí wọ́n ti ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́, bíi ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí ti ìpínlẹ̀ tó ti wà ní Kàbbà báyìí, o máa ṣe UTME, ìdánwò àṣewọlé JAMB, àfi bí o bá gba Direct Entry wọlé, ìyẹn fífi ìwé ẹ̀rí bíi NCE wọ ọdún kejì tààrà. Fóònù ni o máa fi fi NIN rẹ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí wọ́n tó fún ọ ní kóòdù, inú NIN yẹn gan-an ni JAMB ti máa fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ jáde. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa gbé.

NOUN, ìyẹn National Open University tí èèyàn ti lè máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, kò béèrè UTME kó tó gbà ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe tèmi, ibùdó wọn wà ní Lọ́kọ́ja. 1983 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, 2001 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún 17 ni ilẹ̀kùn yẹn fi wà ní títì mọ́ àwọn ìyá wa tí ì bá gba ibẹ̀ kọjá, inú sì ń bí mi bí mo bá rántí pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà bá ti jáde. Nígbà tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní TMA, gba máàkì 30, ìdánwò gba 70. Má fi TMA ṣeré. Àwọn tó ń fojú di í ló máa ń sunkún lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́, tètè béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe regularisation JAMB, ìyẹn bí orúkọ rẹ ṣe máa wọ ìwé JAMB, má jẹ́ kó di ọdún ìkẹyìn. Bí o bá sì ń lọ ṣe ìdánwò, lọ sùn sílùú tí wọ́n ti ń ṣe é bí o bá ní ẹbí níbẹ̀. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà tí obìnrin ń rìn nírọ̀lẹ́.

Olùkọ́ sì ni ọ́, nǹkan kan wà tí ìwọ kò béèrè. NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni ìwé tó kéré jù tí ìjọba ní kí olùkọ́ ní. National Teachers' Institute tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 ń ṣe NCE fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wàá máa kọ́ ọmọ lọ, wàá sì máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí o bá parí rẹ̀, o lè fi gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Bí kò bá wù ọ́ láti pín in sí méjì bẹ́ẹ̀, NOUN ní dìgírì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kéékèèké. Bó bá jẹ́ èmi ni, dìgírì yẹn ni màá mú tààrà. Àwọn kan máa sọ fún ọ pé ìwé NOUN kò ní NYSC. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, oṣù Kejìlá 2018 ni ààrẹ buwọ́ lu àtúnṣe òfin NOUN tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ tiẹ̀ ti kọjá ọdún 30, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC máa fún ọ, o kò ní wọ khakí.

Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà tó yá, sá fún un. Ẹni tó ń gba owó kí òun bá ọ ṣe Ìṣirò ní gbọ̀ngàn ìdánwò kan, olè ni, ìwọ ni wọ́n sì máa fagi lé èsì rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ta dìgírì Kútọnu tí wọ́n ń gbà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba dìgírì láti Benin àti Togo dúró, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì wọ igbó. Fún Ìṣirò, wá agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì ìlú yín, fún un ní oúnjẹ àti owó díẹ̀, kó máa kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Má tijú. Ọmọ tó kọ́ mi kò ju àkọ́bí mi lọ púpọ̀, "Mà" ló sì ń pè mí bó ṣe ń fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí iṣẹ́ mi.

Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ti ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ ni o mú, ẹ̀yáwó NELFUND wà, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó wà nídìí rẹ̀ báyìí. Kò ní èlé, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ẹni tó bá sì fẹ́ owó ìtọ́jú ara rẹ̀, 20,000 náírà lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN ni wọ́n fi ń yẹ̀ ọ́ wò. O ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa orúkọ.

Fèsì síbí bí o bá ti fi ìwé méjèèjì wéra. Sọ èyí tó yàtọ̀ fún wa: ṣé orúkọ ìdílé ni, ṣé lẹ́tà kan ni, ṣé ọjọ́ ìbí ni, torí ìwé tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Má kọ nọ́ńbà NIN rẹ síbí o, má sì ya fọ́tò ìwé náà sí gbangba.